“Báyìí” tó sọnù: iṣẹ́ tí lọ́yà àgbà kan ṣe fún wa ní Ògbómọ̀ṣọ́

Láti ìgbà tí ẹjọ́ àbúrò mi ti parí ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni àwọn oníbàárà mi ti ń bi mí ní ṣọ́ọ̀bù pé lọ́yà wo la lò, èló la san, ṣé wọ́n ṣeé gbára lé. Mo ti sọ ọ́ títí ó fi sú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó bá ń wá lọ́yà lè rí nǹkan mú níbẹ̀.

Aránṣọ ni mí, ìtòsí Tákíè ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. N kò ní dárúkọ bàbá lọ́yà náà. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n má dárúkọ, torí òfin iṣẹ́ wọn kò fẹ́ kí lọ́yà máa polówó ara rẹ̀ bí ẹni ń polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé àwọn ló bẹ̀ mí níṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní ìlú yìí lè ti mọ ẹni tí mò ń wí. Wọ́n ti di lọ́yà láti ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà ṣì wà ní Èkó, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Bwari ní Àbújá. Ẹjọ́ ìpànìyàn, ẹjọ́ ìdigunjalè, ẹjọ́ jìbìtì, àwọn ni àwọn ènìyàn ń sá tọ̀. Ẹjọ́ wọn máa ń dé orí rédíò, ibẹ̀ sì ni àwọn ará ìlú ti rí orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n: “lọ́yà olè”.

Èmi náà ti pè wọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà kan tí kọ́ọ̀tù dá àwọn ọmọkùnrin méjì tí wọ́n ń jẹ́jọ́ ìpànìyàn sílẹ̀, àwọn ni lọ́yà wọn. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo wà tí rédíò ń sọ ọ́, mo la ẹnu mi, mo ní owó ti ṣiṣẹ́. N kò dé kọ́ọ̀tù yẹn, n kò mọ ohun tí ẹlẹ́rìí kankan sọ. “Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn”, òwe tí Màámi kì í yé pa nílé nìyẹn, kò sì wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ náà. Ó ń dùn mí títí dòní.

Àbúrò mi ń tún alùpùpù ṣe ní Sábó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ọkùnrin kan gbé Bajaj wá pé kí ó bá òun fọ kàbúrétọ̀. ₦3,500 ni wọ́n jọ dá lé, ó san ₦1,500 sílẹ̀, ó ní ó di ọ̀la. Kò padà wá. Ọjọ́ kẹsàn-án ni àwọn ọlọ́pàá dé pẹ̀lú ẹni tó ni alùpùpù gan-an. Wọ́n jí i gbé ni. Iwájú ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi ni wọ́n ti bá a, òun náà ni wọ́n sì mú.

Ọjọ́ mẹ́fà ló lò ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 35, sọ pé bí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú ènìyàn, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti fi gbé e dé iwájú adájọ́. Kọ́ọ̀tù kò jìnnà sí àgọ́ yẹn rárá, ọ̀kadà kan ṣoṣo ni. Lára ògiri wọn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni bèlì. Abẹ́ àkọlé yẹn la ti ka ₦20,000 sọ́wọ́ ẹnìkan, ọmọ kò sì jáde.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ bàbá yìí, a ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé àbúrò mi dé kọ́ọ̀tù, ọ̀dọ́kùnrin kan nínú aṣọ lọ́yà pàdé wa lábẹ́ igi níwájú ọgbà, ó ní òun á gba bèlì rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó gba ₦40,000. Ó wọlé, ó sọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú méjì, májísíréètì ní kí wọ́n lọ fi ọmọ pamọ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgo ní Ọ̀yọ́. A pe fóònù rẹ̀ títí di alẹ́, ó ti pa á. Ẹ̀rù Abólóńgo yẹn ló fẹ́ pa Màámi. Ẹ rántí pé ọgbà yẹn ni àwọn agbébọn ya wọ̀ lóru ní oṣù kẹwàá 2021, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹlẹ́wọ̀n sì sá lọ. Kò ì tíì pé ọdún méjì sí àkókò náà. Ìyá mi kò jẹun alẹ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ló ní ká lọ bá “lọ́yà olè”. Mo bú sẹ́kún nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, torí lójú tèmi, bí a bá gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ wọn, ohun tí gbogbo àdúgbò á wí ni pé ọmọ náà jalè lóòótọ́.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì wọn wà. Ààgo méje ààbọ̀ ni mo débẹ̀, ènìyàn mẹ́fà ló ti ṣáájú mi lórí bẹ́ǹṣì. Ibẹ̀ gbóná, fáànù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ń dún ju bó ṣe ń fẹ́ lọ. Ìgbà tó kàn mí, mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti sọ pé àbúrò mi kì í ṣe olè, pé ilé wa kò lólè. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n dá mi dúró.

“Ó tọwọ́ bọ̀wé ní àgọ́ ọlọ́pàá?”

Mo ní ó tẹ̀ka.

“Èdè wo ló fi sọ̀rọ̀? Èdè wo ni wọ́n fi kọ ọ́?”

N kò mọ̀. Inú bí mi díẹ̀, mo ní bàbá yìí kò tilẹ̀ béèrè bóyá ọmọ náà ṣe é tàbí kò ṣe é. Mo sọ ọ́ síta bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní: “Ìwọ aránṣọ, bí wọ́n bá ní o fi aṣọ oníbàárà jóná, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ mú aṣọ tó jóná jáde, ṣé ìwọ ni tàbí ẹni tó pè ọ́ lẹ́jọ́? Òfin ti ní aláìlẹ́ṣẹ̀ ni àbúrò rẹ títí wọ́n á fi fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó ti àwọn tó ń fìdí ẹ̀ múlẹ̀, kí n rí i pé wọn ò fo ìgbésẹ̀ kankan.” Wọ́n wá ní kí n lọ mú gbogbo ohun tí ọjọ́ bá wà lára rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ náà wá.

Ohun tí mo rí kò ju jọ́tà kan tí ọ́ìlì ti rin gbingbin lọ. Ibẹ̀ ni àbúrò mi máa ń kọ iṣẹ́ sí. Ìkọ̀wé rẹ̀ kò dára, àmọ́ ó wà níbẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá, “Bajaj pupa”, “kabu”, 3,500, ó san 1,500. Iṣẹ́ ẹlòmíràn wà lókè rẹ̀, iṣẹ́ ẹlòmíràn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè há a sáàárín lẹ́yìn. Bàbá náà ṣí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kódà ibi tí kò kàn wá. Ó tó wákàtí kan. Wọn ò gbé fóònù nínú wákàtí yẹn.

Ti owó: ₦400,000. Wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé ọ́fíìsì: ₦150,000 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìyókù ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Owó ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ kò sí nínú rẹ̀. Ó wọ́n, n kò ní parọ́ fún yín. Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ kan nínú mẹ́ta tí mo ní. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí mo san kọ́bọ̀ tí n kò gba rìsíìtì, wọn ò sì fi kún un ní gbogbo oṣù 19 tí ẹjọ́ náà gbà. Wọ́n tún sọ gbólóhùn kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu ọ̀dọ́kùnrin abẹ́ igi yẹn: “Owó yìí kò ra ìdáláre. Iṣẹ́ ló rà.” Fún ẹ̀yin tí irú owó yìí kò sí lọ́wọ́ yín, ẹ má lọ sábẹ́ igi. Àjọ kan wà tí ìjọba dá sílẹ̀ láti ọdún 1976, Legal Aid Council, tó ń fún tálákà ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè wọn ní Ìbàdàn.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí a gbé e lé wọn lọ́wọ́ ni bèlì jáde. Májísíréètì ní kí a mú onídùúró méjì wá, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Olùkọ́ kan nínú ìjọ wa ló dúró fún wa, Ọlọ́run á dúró tì í. Kí bèlì tó jáde ni bàbá náà ti wọkọ̀ lọ sí Abólóńgo fúnra wọn, lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ tí gbogbo wa mọ̀. Àbúrò mi ní ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bá òun ṣe níbẹ̀: wọ́n ní kó tún ohun tó sọ fún ọlọ́pàá sọ, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ ní Yorùbá. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí òjò dá wa dúró ní ọ́fíìsì, mo bi wọ́n léèrè àwòrán Gàní Fáwẹ̀hìnmí tó wà lára ògiri. Wọ́n ní ìgbà tí Gàní ti ń gba ẹjọ́ tálákà rò láìgba owó, tó sì ń bá ìjọba ológun fà á, ni àwọn ti ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, pé ọdún 2001 ni wọ́n tó fi í joyè SAN, oyè àgbà lọ́yà ní Nàìjíríà, nígbà tí gbogbo Nàìjíríà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Wọ́n wá sọ ti ẹjọ́ Awólọ́wọ̀. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ lọ́yà ni, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kàn án ní 1962, ó ránṣẹ́ pe lọ́yà kan láti ìlú òyìnbó, ìjọba kò jẹ́ kí onítọ̀hún wọ Nàìjíríà, kọ́ọ̀tù sì ní lọ́yà tí òfin ní kí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó lè wọ ìlú. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni wọ́n dá fún un ní 1963. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tútù ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí ọmọ bíbí ìlú wa, Ládòkè Akíntọ́lá, ló wà lódìkejì nínú aáwọ̀ ìgbà náà, lọ́yà sì lòun náà. Bàbá kò dá sí ti òṣèlú. Wọ́n ní: “Bí ẹni tó mọ òfin tó bẹ́ẹ̀ bá ṣì ń wá ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀, kí wá ni ti ọmọ tó ń fọ kàbúrétọ̀?”

Ọjọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò dáadáa ni ọjọ́ tí ọlọ́pàá tó wádìí ẹjọ́ náà wá jẹ́rìí. Ẹ̀yìn bàbá ni mo jókòó sí. Torí iṣẹ́ mi, aṣọ wọn ni ojú mi kọ́kọ́ lọ síbẹ̀: ẹsẹ̀ aṣọ dúdú náà ti tú, ẹnìkan ti fi òwú aláwọ̀ búlúù gán an lọ́wọ́, tí kò bá a mu rárá.  Mo ní nínú ara mi pé bàbá tí gbogbo ìlú ní ó ti fi ẹjọ́ olè kọ́lé rèé.

Olùpẹ̀jọ́ ti gbé ìwé tí àbúrò mi tẹ̀ka sí sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì wà níbẹ̀ pé ọmọ náà ní òun mọ̀ pé wọ́n jí alùpùpù náà gbé. Ìlà kan ṣoṣo yẹn ni ẹjọ́ wọn dúró lé. Bàbá dìde. Wọn ò pariwo, wọn ò na ìka sí ẹnikẹ́ni.

“Ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yìí?”

“Èmi ni.”

“Èdè wo ni ọmọ náà fi bá yín sọ̀rọ̀?”

“Yorùbá.”

“Èyí tí ẹ kọ ní Yorùbá dà?”

“Kò sí. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́ tààrà.”

Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu wọn. Bíìrò májísíréètì ni wọ́n ń wò. Ọwọ́ ni adájọ́ fi ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀, wọn ò sì béèrè òmíràn títí bíìrò yẹn fi dúró. Bí wọ́n ṣe ṣe ní ìdáhùn kọ̀ọ̀kan nìyẹn.

“Ọmọ Yorùbá lẹ̀yin náà. Ẹ sọ fún kọ́ọ̀tù, lédè wa, gbólóhùn tó sọ fún yín nípa alùpùpù yìí.”

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́rìí ọlọ́pàá náà níbí: kò parọ́. Ó ronú díẹ̀, ó ní: “Ó ní, mo ti mọ̀ báyìí pé wọ́n jí i ni.”

“Báyìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà. Báyìí.”

“Ìgbà wo ni ‘báyìí’ yẹn? Ṣé ọjọ́ tí wọ́n gbé alùpùpù wá fún un ni, àbí ọjọ́ tó jókòó síwájú yín ní àgọ́?”

“Ọjọ́ tó jókòó síwájú mi ni.”

“Ẹ fi ‘báyìí’ hàn mí nínú ohun tí ẹ kọ.”

Ọlọ́pàá náà wo ìwé. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Bíìrò májísíréètì ń lọ lórí ìwé, gbogbo wa ń gbọ́ ìró rẹ̀. Bàbá dúró tí ó fi kọ ọ́ tán, wọ́n ní àwọn kò ní ìbéèrè mìíràn, wọ́n jókòó.

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀. “Mo ti mọ̀ báyìí” kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àṣírí fún ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọn ò kọ ló fẹ́ sọ àbúrò mi di ọ̀daràn. Bí ẹni tó ń gbèjà rẹ̀ bá jẹ́ ẹni tí kì í fetí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ì bá sọnù láé. Mo sunkún nínú kọ́ọ̀tù, mo rántí àwọn ọmọkùnrin méjì tí rédíò sọ̀rọ̀ wọn lọ́jọ́sí.

Àléébù wọn kò ṣàì sí, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó lọ. Ẹ má retí pé wọ́n á gbé fóònù. Àwọn lọ́yà kékeré wọn ló máa ń dáhùn, ọ̀kan nínú wọn kò sì mọ fáìlì wa yàtọ̀ sí tẹlòmíràn. Nígbà kan, bàbá ní ẹjọ́ ńlá kan ní Ìbàdàn, wọ́n rán ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí wá, ìyẹn dìde, ó ní kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, ó di ọ̀sẹ̀ méje. Àbúrò mi ti ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù padà nígbà yẹn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń gbé alùpùpù fún ẹni tó ń jẹ́jọ́. Ọ̀sẹ̀ méje yẹn jẹ́ ebi. N kò tíì gbójú fò ó, mo sì ti sọ ọ́ sí wọn létí. Ẹnu wọn mú pẹ̀lú. Wọ́n ní kí Màámi lọ sunkún níta lọ́jọ́ kan, obìnrin tó tó ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n padà bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ìta yẹn ló ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ìjókòó 14 ni, márùn-ún nínú rẹ̀ kò wáyé nítorí adájọ́ kò sí tàbí ẹlẹ́rìí kò wá. Ẹlẹ́rìí mẹ́rin ni wọ́n ní àwọn á pè, méjì ló wá. Lẹ́yìn ẹlẹ́rìí kejì, bàbá kọ̀wé sí kọ́ọ̀tù pé ẹjọ́ tí olùpẹ̀jọ́ gbé kalẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kò sí ohun tí olùjẹ́jọ́ fẹ́ wí àwíjàre lé lórí. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé wọ́n fẹ́ gba ẹnu àbúrò mi dí kó má lè ro ẹjọ́ tirẹ̀. Wọn ì bá ti ṣàlàyé fún wa ṣáájú. Májísíréètì ka ìdájọ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó dárúkọ jọ́tà, ó dárúkọ “báyìí”, ó ní kí ọmọ náà máa lọ sílé.

Bí ẹ bá ní kí n fún wọn ní ìràwọ̀ nínú 5, mẹ́rin ni. Ọ̀sẹ̀ méje yẹn ló gba ọ̀kan tó kù. Ẹ débẹ̀ kí ààgo méje àárọ̀ tó lù, ẹ má lọ lọ́jọ́ Ajé torí kọ́ọ̀tù ni wọ́n máa ń wà. Ohunkóhun tí ọjọ́ bá wà lára rẹ̀, ẹ kó o dání: rìsíìtì, jọ́tà, àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù, kódà bí ọ́ìlì bá ti bà á jẹ́.

Mo gba aṣọ dúdú yẹn lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀ tí ẹjọ́ parí, mo tú òwú búlúù, mo fi dúdú rán an. Wọn ò gbà kí n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Jọ́tà àbúrò mi ṣì wà ní kọ́ọ̀tù lára ẹ̀rí; orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó wà nínú rẹ̀, ó sì nílò rẹ̀. Bàbá ti kọ lẹ́tà ẹ̀ẹ̀mejì pé kí wọ́n dá a padà. A ṣì ń retí rẹ̀.